Ẹ Wo Ìdí Kọ́ńgò: Káàdì, Kúpọ́ọ̀nù àti Owó Oúnjẹ Nílùú Ọba

Bí ẹ bá ń gbọ́ wa nínú bọ́ọ̀sì, ẹ kú ìrìn. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń kà á lórí fóònù níbi iṣẹ́ ni, ẹ kú iṣẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀gá rí yín.

Ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ la fẹ́ sọ lónìí. Ìbéèrè tí ẹ ń fi ránṣẹ́ jù láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ti wọlé nìyẹn: báwo lèèyàn ṣe ń ra oúnjẹ nílùú yìí tí nǹkan fi ń ṣẹ́kù sọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bèèrè ló jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí físà wọn ò gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ ju 20 wákàtí lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Owó ilé ò ṣeé dín. Owó ọkọ̀ ò ṣeé dín. Èyí tí wọ́n ń retí nílé ńkọ́, ta ló fẹ́ dín in? Owó oúnjẹ nìkan ló kù tí ọwọ́ wa lè ká, ẹni tí kò bá sì mọ bó ṣe máa dín owó, oúnjẹ gan-an ni yóò máa dín. Mo mọ àwọn tó ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ní London yìí, tí wọ́n sì ń fi fọ́tò Tower Bridge ránṣẹ́ sílé.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, fídíò àti ohùn ni iṣẹ́ mi. Yàtọ̀ sí ètò yìí, mo máa ń gé ìpolówó fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Torí náà, mo mọ ohun tí àwọ̀ yẹ́lò ń ṣe sí ojú èèyàn, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà kan gàdàgbà tí wọ́n á kọ èkejì bí ìdin. Tí mo bá wọ súpámákẹ́ẹ̀tì, ìpolówó ni mo ń rí láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi ìsanwó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹni tó bá lọ ra gàrí ní Bódìjà, kì í ṣe "èló ni kọ́ńgò?" nìkan ló ń bèèrè. Ó ń wo kọ́ńgò náà fúnra rẹ̀. Ṣé wọn ò ti lu ìdí rẹ̀ wọnú? Ṣé ìyá yìí máa wọ̀n ọ́n kó gogo, àbí ó máa fọwọ́ gbá orí rẹ̀ dànù? Olójà méjì lè pe iye kan náà kí gàrí wọn má dọ́gba rárá. Àwọn ìyá wa á ti mọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ síí ná an. Àwa ọmọ wọn wá dé ìlú ọba, a rí oúnjẹ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tó ń dán, iye wà lára àtẹ, kò sí pé à ń ná ọjà, a wá gbà pé kọ́ńgò tí ìdí rẹ̀ gún ni. Irọ́ ni o. Wọ́n ń lu ìdí kọ́ńgò níbí náà, inú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é ni wọ́n ti ń lù ú. Ọ̀rá tó jẹ́ 500 gíráàmù nígbà kan á di 450, àwòrán ara rẹ̀ ò yí, iye rẹ̀ ò sì lọ sílẹ̀.

Ibi tí ẹ ti máa rí ìdí kọ́ńgò ni nọ́ńbà kékeré tó wà ní igun ìwé iye owó lára àtẹ. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Price Marking Order, ti ọdún 2004, tó ní kí àwọn sọ́ọ̀bù ńlá kọ iye kílò kan tàbí lítà kan sí ẹ̀gbẹ́ iye ọjà fún ọ̀pọ̀ jù lọ nǹkan tí wọ́n ń tà. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ máa wò. Ẹ fi ti gàdàgbà yẹn sílẹ̀ ná.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó díẹ̀. Ká ní ìrẹsì oníkílò kan jẹ́ £1.25, ti oníkílò 10 sì jẹ́ £14. Ojú á sáré lọ sí ti ńlá, torí ohun tí wọ́n fi tọ́ wa ni pé àpò ló ń dín owó. Ṣùgbọ́n ẹ pín in: £14 sí kílò 10 jẹ́ £1.40 fún kílò kan. Ti kékeré ló dínwó. Ó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń ta ti kékeré ní ẹ̀dínwó. Òmíràn rèé: pasita kan tó ní orúkọ, 500 gíráàmù, wọ́n fa igi sí £2.20 lára, wọ́n kọ £1.50 sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú yẹ́lò. Inú èèyàn á dùn pé òun jèrè 70 pẹ́ńsì. £3 ni kílò kan nìyẹn. Ti sọ́ọ̀bù náà fúnra rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ níbi tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó rí i, kílò kan rẹ̀ lè má tó £1.50. Ẹni tó gba ẹ̀dínwó ló náwó jù.

Wọ́n tún ní ọgbọ́n kan. Wọ́n á kọ ọjà kan ní iye kílò, wọ́n á kọ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní iye 100 gíráàmù. Ẹ fi 10 lọ́nà ti 100 gíráàmù, ó parí. Ní oṣù Agẹmọ 2023, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdíje láàárín àwọn oníṣòwò, CMA, fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí àwọn sọ́ọ̀bù ṣe ń kọ nọ́ńbà kékeré yìí kò bára mu tó. Lọ́dún yẹn náà ni oúnjẹ wọ́n tó fi jẹ́ pé iye rẹ̀ fi ohun tó lé ní ìdá 19 nínú 100 lọ sókè láàárín ọdún kan. Ẹ ẹ̀ rí i pé ìgbà tó yẹ kí nọ́ńbà yẹn hàn jù nìyẹn.

Ó wá kan price match. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sọ́ọ̀bù kan ń sọ pé, iye tí sọ́ọ̀bù kejì ń ta nǹkan yìí làwa náà máa tà á. Nígbà kan, ẹni tó bá rajà ló ń jàǹfààní ìyàtọ̀ náà lọ́wọ́. Sainsbury's á tẹ kúpọ́ọ̀nù ìyàtọ̀ jáde fún ẹ níbi ìsanwó. Ti Asda, wà á gbé nọ́ńbà rìsíìtì rẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ọjà rẹ ò bá fi ìdá 10 nínú 100 dínwó sí ti àwọn tó kù, wọ́n á fún ẹ ní ìwé owó. Tesco náà ní tirẹ̀. Gbogbo ìyẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Sainsbury's fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2016, Tesco àti Asda ní 2018. Torí náà, bí ẹ bá wo fídíò ará Amẹ́ríkà kan tó na fóònù sí akáwó pé "sọ́ọ̀bù kejì ń tà á ní báyìí", tí akáwó sì gé owó fún un, ẹ má lọ dán irú ẹ̀ wò ní súpámákẹ́ẹ̀tì níbí o. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín lórí ìlà á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ojú pa yín.

Èyí tó kù báyìí ni wọ́n ń pè ní Aldi Price Match. Ará Jámánì ni Aldi àti Lidl. Aldi ṣí sọ́ọ̀bù rẹ̀ àkọ́kọ́ níbí ní 1990, Lidl dé ní 1994, àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ síí gba oníbàárà mọ́ àwọn àgbà lọ́wọ́. Ní 2020, Tesco ní òun á máa ta àwọn ọjà kan ní iye tí Aldi ń tà wọ́n. Sainsbury's ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2021. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àwọn ọjà kan, kì í ṣe gbogbo ọjà. Èyí tí wọ́n bá lẹ àmì rẹ̀ mọ́ nìkan ni. Kò sí ohun tí ẹ máa bèèrè, kò sí ìwé tí ẹ máa fi hàn, wọ́n ti ṣe é sílẹ̀ fúnra wọn.

Ìlò rẹ̀ fún wa ni èyí. Bí Tesco bá wà nítòsí yín tí Aldi sì jẹ́ ọkọ̀ méjì, kò sí ìdí tí ẹ máa fi wọ ọkọ̀ lọ torí mílíìkì, àlùbọ́sà, ẹyin àti tòmátì inú agolo. Ẹ ra èyí tó ní àmì nítòsí, kí ẹ sì gbójú kúrò lára èyí tí kò ní, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba owó wọn padà. Sọ́ọ̀bù kékeré tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lẹ́bàá ibùdókọ̀ sì tún sábà máa ń wọ́n ju ti ńlá lọ. Ẹ má rò pé orúkọ kan náà, iye kan náà.

Kí ẹ sì wo ohun tó wà nínú ẹ̀. Ní 2024, ètò Panorama ti BBC yẹ àwọn ọjà tí wọ́n fi wé ti Aldi yìí wò. Wọ́n rí i pé adìẹ tó wà nínú chicken nuggets ti Tesco nígbà náà jẹ́ ìdá 39 nínú 100. Ti Aldi tí wọ́n ní àwọn bá dọ́gba? Ìdá 60. Iye dọ́gba, adìẹ ò dọ́gba. Ṣé ẹ rántí kọ́ńgò? Ẹ yí ẹ̀yìn páálí padà, ẹ ka iye ìdá adìẹ tàbí ẹja tó wà níbẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sí i.

Káàdì ni ọ̀rọ̀ tó gùn jù. Clubcard ti Tesco ti wà láti 1995, nígbà náà, póíǹtì lásán ló wà fún. Láti 2019 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohun tó ń pín iye ọjà sí méjì: iye fún ẹni tó ní káàdì, iye fún ẹni tí kò ní. Nectar ti Sainsbury's gba ọ̀nà kan náà ní 2023. Lidl ní Lidl Plus lórí áàpù. Aldi ò ní káàdì kankan. Àwọ̀ yẹ́lò náà tiẹ̀ dá ẹjọ́ sílẹ̀: Lidl pe Tesco lẹ́jọ́ lórí òbìrípo yẹ́lò tó wà nínú búlúù, Lidl sì jàre ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 2024. Èmi tí mò ń fi àwọ̀ jẹun, mo gbádùn ẹjọ́ yẹn gan-an.

Ṣé òótọ́ ni ẹ̀dínwó káàdì, àbí wọ́n kọ́kọ́ gbé iye sókè kí wọ́n tó gé e? CMA yẹ nǹkan bíi 50,000 ọjà wò, wọ́n sì gbé èsì jáde ní oṣù Bélú 2024: ìdá 92 nínú 100 ló jẹ́ ẹ̀dínwó tòótọ́ sí iye tí sọ́ọ̀bù náà ń tà á tẹ́lẹ̀. Torí náà, ẹ gba káàdì náà. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé iye káàdì kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ èyí tó dínwó jù, pé sọ́ọ̀bù míì lè máa tà á ní iye tó kéré sí i láìbèèrè káàdì.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ káàdì ni ẹni tí kò ní i. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo wà lórí ìlà ní sọ́ọ̀bù ńlá kan, màmá kan wà níwájú mi pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ lọ́rùn. Ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Ìjẹ̀bú ni mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀. Akáwó bèèrè káàdì, màmá mi orí.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣe é fún yín."

Ó wò mí. "Ọmọ mi, ṣé kò ní kó ẹ sí wàhálà?"

"Rárá o, mà."

Owó ọjà rẹ̀ ti wà ní £41. Mo na fóònù, ó já sí £33. Màmá ní kí akáwó tún un kà.

Nígbà tí a jáde, mo bi í pé ṣé kò mọ̀ nípa káàdì ni. Ó mọ̀. Ó ní, "Wọ́n ní tí mo bá gbà á, wọ́n á mọ ilé tí mò ń gbé. Ìwé mi ṣì wà lọ́dọ̀ Home Office." Ọdún mẹ́rin ló ti ń rajà níbẹ̀. Ẹ fi £8 lọ́nà ọ̀sẹ̀ 52, ká ní bẹ́ẹ̀ ló ń rí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: £416 lọ́dún kan ṣoṣo. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin òru lọ tún ọ́fíìsì ṣe ló ń san iyẹn lé orí oúnjẹ, a ò rí i kí olówó kan san án.

Mo ṣàlàyé fún màmá, mo sì fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin náà torí ẹ ní irú màmá bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín. Ẹni tó ń gba káàdì, orúkọ, àdírẹ́sì àti ímeèlì ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kì í bèèrè páásípọ́ọ̀tù tàbí físà. Ṣùgbọ́n mi ò ní bú ẹni tó ń bẹ̀rù, torí ọ̀fẹ́ tí wọ́n pè é yẹn, a ń fi nǹkan kan san án. Tesco ló ni ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ dunnhumby, àwọn ló ń ṣe àgbéyẹ̀wò ohun tí à ń rà pẹ̀lú káàdì. Sainsbury's ní Nectar360. Wọ́n ń fi ìmọ̀ yẹn pa owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ọjà, àwọn tó fẹ́ mọ irú ìdílé tó ń ra ọṣẹ wọn àti ìpolówó tí wọ́n lè gbé síwájú wa. Nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀, ẹ yọ ọwọ́ kúrò nínú gbogbo ibi tí wọ́n ti ní kí àwọn máa fi ìpolówó ránṣẹ́. Èmi ti ṣírò tèmi: pé wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ràn plantain, kò dùn mí tó £8. Ẹlòmíì lè ṣírò tirẹ̀ yàtọ̀, kò burú. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí àhesọ bá a ṣírò rẹ̀.

Ẹni tí fóònù rẹ̀ kì í ṣe ológe, káàdì oníke wà fún Clubcard àti Nectar. Ẹ bá màmá yín gbà á. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kúpọ́ọ̀nù ò gba àkókò púpọ̀. Ti Lidl Plus, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú áàpù kí ẹ tó dé ibi ìsanwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní ṣiṣẹ́. Póíǹtì 150 ti Clubcard ló ń di ìwé owó £1.50. Ti Nectar, póíǹtì 500 jẹ́ £2.50. Owó kékeré ni, ẹ má torí póíǹtì ra ohun tí ẹ ò fẹ́. Èyí tó léwu ni kúpọ́ọ̀nù tó ní "ná £40, ká yọ £5." Bí ọjà tí ẹ kọ sílẹ̀ bá jẹ́ £29, wọ́n fẹ́ kí ẹ fi £11 kún un kí wọ́n lè fún yín ní £5. Ẹ kí wọn, kí ẹ máa lọ. Àfi tí ẹ bá ń gbé pọ̀ ní ilé kan. Ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè kó ohun tí ẹ fẹ́ rà pọ̀ sí rìsíìtì kan, bí àwọn ìyá wa ṣe ń dá owó ra àpò ẹ̀wà kan tí wọ́n á sì pín in sí kọ́ńgò nílé. Nígbà náà, £40 yẹn, ẹ ti fẹ́ ná an tẹ́lẹ̀, £5 yẹn sì di ti gbogbo yín.

Ẹ ó ti kíyèsí i pé mi ò tíì dárúkọ ẹlùbọ́. Price match ò mọ ẹlùbọ́, kò mọ epo pupa, kò mọ pọ̀nmọ́. Àwọn sọ́ọ̀bù ńlá kan ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ibi tí wọ́n pè ní World Foods, ẹ wo iye kílò wọn, nígbà míì ó dára. Ṣùgbọ́n fún ata àti iṣu, ẹ lọ sí Ridley Road ní Dalston, Rye Lane ní Peckham, tàbí ọjà tó jọ ọ́ níbi tí ẹ wà. Níbẹ̀, abọ́ ni wọ́n fi ń ta ata rodo, abọ́ kan ní iye kan, kò sì sí nọ́ńbà kílò kankan lára abọ́. Kọ́ńgò gidi lẹ padà bá yẹn. Ẹ wo èyí tó wà lábẹ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n tò sókè nìkan.

Sítíkà yẹ́lò ti ìrọ̀lẹ́ ńkọ́, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ oúnjẹ tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ pé? Àkókò yàtọ̀ láti sọ́ọ̀bù sí sọ́ọ̀bù, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀, wọ́n á sọ fún yín. "Use by" ni òfin ìlera: tí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, ẹ má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lè gbé e sínú fírísà títí di ọjọ́ yẹn gan-an. "Best before" jẹ́ ọ̀rọ̀ adùn lásán. Mo ń ra adìẹ onísítíkà, mo ń pín in sínú ọ̀rá, mo ń kọ déètì sí i lára. Too Good To Go náà wà, níbi tí ẹ ti ń ra àpò oúnjẹ tí sọ́ọ̀bù ò tíì tà láìmọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ó dára fún ẹni tó lè jẹ ohunkóhun. Ti Olio tiẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, aládùúgbò ló ń fún aládùúgbò. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ iye ọjà kan ní sọ́ọ̀bù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìjáde nílé, Trolley lẹ máa wá lórí fóònù yín.

Ẹ wo rìsíìtì kí ẹ tó kúrò nínú sọ́ọ̀bù. Iye káàdì tí wọ́n kọ sára àtẹ lè má jáde níbi ìsanwó, ẹ lọ bá wọn ní tábìlì oníbàárà, wọ́n á dá ìyàtọ̀ padà.

Iṣẹ́ kan wà fún yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ya fọ́tò ìwé iye ìrẹsì ní sọ́ọ̀bù àdúgbò yín, kí nọ́ńbà kékeré igun yẹn hàn, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sọ ìlú tí ẹ wà. A ó tò wọ́n pọ̀, Leeds, Manchester, London, Aberdeen, a ó sì kà wọ́n jáde ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàárọ̀ o.